Ilé Kọ́ Ni Ẹbí: Bí A Ṣe Mọ Ìbátan Àwọn Ẹ̀dá Oníkarahun Méjì

Kí àwọn tí a jọ jókòó níhìn-ín tó dá sí ọ̀rọ̀, ìtàn kan ni mo fẹ́ fi ṣí ìjíròrò òní.

Láyé àtijọ́, bí àjèjì bá wọ ìlú, ilà ojú rẹ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ilà náà bá jọ tiwa, a ó ní ará ilé ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í fi mọ síbẹ̀. Wọn a béèrè oríkì orílẹ̀ rẹ̀, wọn a béèrè èèwọ̀ ìdílé rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí a kó lẹ́rú lọ sí ìlú onílùú lè kọ ilà ìlú náà, kí ó má sì sí ẹ̀jẹ̀ wọn nínú rẹ̀. Ilà lè jọra, kí orílẹ̀ yàtọ̀.

Ìṣòro kan náà ni ó dojú kọ àwọn onímọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ pín àwọn ẹ̀dá inú òkun kan sí ìdílé-ìdílé. Àwọn ẹ̀dá náà ni àwọn oníkarahun méjì. Ìkarahun kan ṣoṣo ni ìgbín ní. Àwọn wọ̀nyí ní méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí a so pọ̀ lẹ́yìn bí èèpo ìwé, tí wọ́n sì lè pa dé bí ilẹ̀kùn nígbà tí ewu bá dé. Ara wọn rọ̀, wọn kò sì ní orí tí a lè tọ́ka sí. Èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní oyster, tí í lẹ̀ mọ́ àpáta àti mọ́ gbòǹgbò igi létí ọ̀sà, wà lára wọn. Irú wọn tí ń gbé inú òkun lónìí tó bí 8,000. Báwo ni a ṣe mọ èyí tí í ṣe ọmọ ìyá èyí?

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, ti ya àwọn oníkarahun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn oníkarahun kan láti nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé ètò rẹ̀ ni Carl Linnaeus, ará ilẹ̀ Swídìn, tí ó tẹ ìwé rẹ̀, Systema Naturae, jáde ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá ní ọdún 1758. Òun ni ó fi ìdí àṣà fífún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní orúkọ alápá méjì múlẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, ìkarahun òfìfo ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn atukọ̀ ń kó o bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń tò ó sínú àpótí fún ẹwà. Ẹran inú rẹ̀ ti jẹrà kí ó tó gúnlẹ̀. Nítorí náà, ilé ni Linnaeus rí, kò rí onílé, ìrísí ilé ni ó sì fi pín ìdílé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi í ṣẹ̀sín, nítorí púpọ̀ nínú ìpín rẹ̀ ṣì dúró títí dòní. Ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe ńlá wà níbẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Anomia, ó kó àwọn ẹ̀dá kan mọ́ àwọn oníkarahun méjì tí wọn kò bá wọn tan rárá. Ìkarahun méjì ni àwọn náà ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lókè ara wọn, èkejì wà nísàlẹ̀. Wọn kò wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a tó yà wọ́n sọ́tọ̀, tí a sì pè wọ́n ní Brachiopoda.

Àṣìṣe kejì ni èyí tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Ẹ̀dá kan wà tí ń gbẹ́ inú igi tí ó bá wà nínú omi òkun. Orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ ni Teredo. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ekòló. Ìkarahun méjì rẹ̀ kéré púpọ̀, ìpẹ̀kun ara rẹ̀ níwájú ni wọ́n wà, kò sì fi wọ́n bo ara mọ́. Ó sọ wọ́n di irinṣẹ́ tí ó fi ń ha igi. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó ti rì nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1730 àti 1731, àwọn ará Họ́láǹdì rí i pé òpó igi tí ó gbé odi etíkun wọn ró ti di afárá oyin nínú. Ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ju òkun lọ ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Bí odi bá wó, omi ni yóò gbé ìlú. Ìbẹ̀rù gba ilẹ̀ kan. Àwọn oníwàásù ní ìbínú Ọlọ́run ni. Níkẹyìn, wọ́n ní láti fi òkúta rọ́pò igi lára odi náà, owó kékeré kọ́ ni ó sì ná wọn.

Nínú ìdààmú yìí ni ọ̀mọ̀wé kan, Godfried Sellius, ṣe ìwádìí ẹ̀dá náà tí ó sì tẹ ìwé lé e lórí ní ọdún 1733. Ó sọ pé kì í ṣe aràn, pé ìbátan àwọn ẹlẹ́karahun ni. Síbẹ̀, ní ọdún 1758, ọdún 25 lẹ́yìn èyí, àárín àwọn aràn, ekòló àti eṣúṣú ni Linnaeus gbé Teredo sí. Ẹ̀dá mìíràn wà tí ń jẹ́ Pholas, tí ń gbẹ́ inú òkúta àti amọ̀ líle, tí ó sì jẹ́ ìbátan Teredo tímọ́tímọ́. Ibòmíràn ni Linnaeus gbé ìyẹn sí, láàrin àwọn tí ìkarahun wọn ju méjì lọ. Ó pín ọmọ ilé kan náà sí ìdílé méjì. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀: níbi tí ìkarahun ti tóbi, ìkarahun ni ó wò, níbi tí ìkarahun ti kéré, gígùn ara ni ó wò. Ìta ni ó wò nígbà méjèèjì.

Ẹni tí ó wo inú ni Michel Adanson, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé. Ẹni ọdún 22 ni nígbà tí ó dé Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1749. Ilé-iṣẹ́ Faransé tí ń ṣòwò gọ́ọ̀mù àti ẹrú ní etíkun náà ni ó gbà á sí iṣẹ́ akọ̀wé. Kò yẹ kí a gbàgbé ìyẹn nígbà tí a bá ń yìn ín. Títí di ọdún 1753 ni ó fi wà níbẹ̀. Nítorí pé etí omi gan-an ni ó ń gbé, ó lè mú ẹ̀dá náà láàyè, kí ó wò ó bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń mí, bí ó ti ń jẹun. Nínú gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, igi tí í na gbòǹgbò sínú omi oníyọ̀, ni ó ti rí irú Teredo tí ó pè ní Taret. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1757, ó kọ́ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdílé àwọn ẹlẹ́karahun gbọ́dọ̀ wo ẹran ara wọn pẹ̀lú ilé wọn. Ó sì gbé Taret àti Pholas sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nínú agbo àwọn tí ó ní oníkarahun méjì nínú. Ohun tí ó tọ́ ni ó ṣe.

Kí ni ó wá dé tí a kò fi gbọ́ orúkọ Adanson tó ti Linnaeus? Ọ̀rọ̀ orúkọ ni. Linnaeus ti ṣòfin fún orúkọ ewéko ní ọdún 1751 pé orúkọ ìran tí kò bá ní gbòǹgbò nínú èdè Gíríìkì tàbí Látìn kò yẹ ní gbígbà. Adanson kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń lo orúkọ kúkúrú, ó ń gbọ́ díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ó sì ń ṣẹ̀dá òmíràn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko fohùn ṣọ̀kan lórí òfin orúkọ, wọ́n mú ọdún 1758 ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kan péré ni ìwé Adanson fi ṣáájú, gbogbo orúkọ inú rẹ̀ sì di aláìnípò. Igi ni ó gbé orúkọ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: igi oṣè tí gbogbo wa mọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Adansonia.

Lẹ́yìn rẹ̀, onírúurú ẹ̀rí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wá. Ní ọdún 1818 àti 1819, Lamarck, ará Faransé, ka iṣan tí ń pa ìkarahun dé: àwọn kan ní méjì, àwọn kan ní ẹyọ kan. Ní ọdún 1883, Neumayr wo eyín tí ó wà níbi tí ìkarahun méjèèjì ti so pọ̀. Ní ọdún 1889, Pelseneer, ará Bẹ́ljíọ̀mù, wo ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń mí. Ìpín ẹnìkan kò bá ti ẹnì kejì mu délẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ìgbé ayé kan náà lè sọ àwọn tí kì í ṣe ìbátan di ajọra. Iṣan kan ṣoṣo tí Lamarck gbẹ́kẹ̀ lé, a ti mọ̀ nísinsìnyí pé ju ìdílé kan lọ ni ó ti di bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé ọ̀kan kọ́ ọ lọ́dọ̀ èkejì. Nígbà tí Norman Newell, ará Amẹ́ríkà, ṣe ètò tirẹ̀ ní ọdún 1965, ó kó ẹ̀rí wọ̀nyí jọ, ó sì fi ti àwọn ẹ̀dá ayé àtijọ́ tí wọ́n ti di òkúta kún un. Ẹ̀rí kan kò tó dá ẹjọ́.

Ní àkókò tiwa yìí, àwọn onímọ̀ ti ń ka àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú ara ohun abẹ̀mí gbogbo, èyí tí a ń pè ní DNA. Bí oríkì orílẹ̀ ni ó rí. Ó ti fi ìdí púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn àgbà múlẹ̀, ó sì ti yí díẹ̀ padà. Tridacna, tí ìkarahun rẹ̀ lè fẹ̀ ju mítà kan lọ, tí ó sì lè wúwo ju 200 kílò, ti ń jẹ́ ìdílé ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ti wá hàn nísinsìnyí pé ọmọ ìdílé Cardium ni, àwọn kékeré tí ọwọ́ kan lè bò mọ́lẹ̀. Ní ti Teredo, ìwádìí ọdún 2011 fi hàn pé baba ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn oníkarahun méjì tí ń fi igi ṣe oúnjẹ ní, àti pé inú agbo Pholas ni wọ́n ti jáde. Ẹjọ́ tí Adanson dá nínú gbòǹgbò ẹ̀gbà dúró.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti ọdún 2017. Ọ̀kan wà nínú ìdílé Teredo tí ń jẹ́ Kuphus, tí ó gùn ju mítà kan lọ. Ó ti ju igba ọdún tí a ti mọ ìkarahun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí èyí tí ó wà láàyè, ní ilẹ̀ Filipínì. Kì í gbé inú igi, inú ẹrẹ̀ ni ó ń gbé. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ara rẹ̀ ni ó sì ń bọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ni a fi ń mọ ẹbí, a ó ti lé e jáde nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ó lọ di ahunṣọ, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni títí ayé.

Ẹ̀yin ará, kí ni èyí kan àwa tí a jẹ́ olùkọ́ èdè? Ó kàn wá gidigidi. Ojoojúmọ́ ni a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kí a lè fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe Teredo títí di òní ni shipworm, ìyẹn ni aràn inú ọkọ̀. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ọdún 1758 ni a tú sí Yorùbá, a ó sì fi í lé ọmọ wa lọ́wọ́ bí òtítọ́. Bí a bá pè é ní agbẹ́gi òkun, a ti sọ iṣẹ́ rẹ̀, a kò sì purọ́ mọ́ ìdílé rẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ, ilé ni a sì ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí àwọn àgbà ń wí kì í ṣe ògiri àti òrùlé. Orírun ọmọ ni.

Ibí yìí ni n ó ti dánu dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè bọ́ sí i.