Ilẹ̀dú: Oúnjẹ tí Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Ń Jẹ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé ló máa ń dá irúgbìn lẹ́bi nígbà tí tẹ̀tẹ̀ bá kọ̀ tí kò dàgbà, tí ewé ata sì ń pọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, irúgbìn kọ́ ló burú, ilẹ̀ ni ebi ń pa. Kí ènìyàn tó náwó sórí ajílẹ̀ òyìnbó, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú erùpẹ̀ rẹ̀.

Nínú ilẹ̀ ọgbà tó dára, nǹkan bí ìdá 45 nínú 100 jẹ́ iyanrìn, amọ̀ àti èèpẹ̀ kíkúnná tó wà láàárín méjèèjì. Ìdá 25 jẹ́ omi, ìdá 25 jẹ́ afẹ́fẹ́, ìdá 5 tó kù sì ni ewé àti ohun abẹ̀mí tó ti jẹrà. Ìdá kékeré yìí ni baba wa ń pè ní ilẹ̀dú. Òun ló ń di omi àti oúnjẹ mú fún gbòǹgbò, òun náà sì ni ekòló ń jẹ.

Ilẹ̀ Yorùbá kò rí bákan náà níbi gbogbo. Nínú ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery ṣe ní 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú ni wọ́n fi sọ oríṣiríṣi ilẹ̀, bí Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìtagunmọ́dì. Ti Ìwó ní iyanrìn púpọ̀. Ti Ìtagunmọ́dì pupa, ó sì kún fún amọ̀. Ní etíkun Èkó, iyanrìn ló pọ̀ jù, omi kì í sì í dúró nínú rẹ̀. Nítorí ooru àti òjò wa, ilẹ̀dú tètè ń tán, ọdọọdún ló sì yẹ kí a máa fi kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ilẹ̀ yín, ẹ bu erùpẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò funfun kan, ẹ pọn omi sí i, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Iyanrìn yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èèpẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e, amọ̀ sì lè gbà tó ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ajílẹ̀ ewé kò le ṣe. Ẹ kó ewé gbígbẹ apẹ̀rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ apẹ̀rẹ̀ kan èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, koríko tútù àti ìgbẹ́ adìẹ. Kí òkìtì náà ga tó mítà kan, kó sì rin bí aṣọ tí a ti fún omi rẹ̀. Ẹ máa yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì dúdú lẹ́yìn bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ má fi ẹran, ẹja tàbí epo sí i, nítorí eku. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọ́dọ̀ kan gbòǹgbò, ó máa ń jó o.

Àwọn tó ń dáná sun ewé gbígbá ń pàdánù púpọ̀, nítorí nitrogen àti ọ̀pọ̀ ohun tó yẹ kó di ilẹ̀dú ń bá èéfín lọ. Eérú tó kù ń dín kíkan ilẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ilẹ̀dú, bó bá sì pọ̀ jù, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Láyé àtijọ́, èèpo àti eérú ni ẹ̀gbin náà, ìdí nìyí tí ẹ̀fọ́ fi máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Lónìí, bátìrì, ọ̀dà àti ike ló kún ibẹ̀. Òjé inú bátìrì kì í kúrò nínú ilẹ̀, ó sì lè bá ẹ̀fọ́ dé inú ìkòkò, àwọn ọmọdé ló sì ń pa lára jù. Nítorí náà, ẹ má ṣe bu erùpẹ̀ ààtàn tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀ sínú ọgbà. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ló dájú.