Tírípù Mélòó Ni Òkúta Ilé Wa?

Bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ kọjá ojú irin l'Òṣòdì rí, ẹ ti tẹ òkúta tí kì í ṣe ti Èkó. Iyanrìn, amọ̀ àti omi ló pọ̀ nílẹ̀ wa, kò sí àpáta. Òkúta fífọ́ tí à ń dà mọ́ sìmẹ́ńtì, ìrìn àjò ló rìn dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ó gba Òṣòdì lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn. 1901 ni wọ́n ṣí i débẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, iyanrìn ti dí ẹnu òkun Èkó débi pé ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ìta ló ń dúró sí, wọ́n á wá fi ọkọ̀ kékeré lọ kó èrò àti ẹrù. Ní 1908, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri òkúta tí yóò la ọ̀nà fún ọkọ̀. Arò l'Abẹ́òkúta, tí orúkọ rẹ̀ ń rán wa létí ilé ìwòsàn ọpọlọ lónìí, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà. Nǹkan bí 100 kìlómítà ló ń rìn lórí irin kó tó dé Èkó, Òṣòdì sì wà lójú ọ̀nà.

Lórí irin, wágọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló ní iye tọ́ọ̀nù tó lè gbé. Lónìí, típà ló ń gbé òkúta wa, tírípù la sì fi ń kà á. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

Nígbà tí àwa ọmọ ìyá fẹ́ da dẹ́kìn sílé àwọn òbí wa, bíríkìlà ní, "Tírípù kan ti tó, ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, tọ́ọ̀nù mélòó ló wà nínú tírípù kan?"

"Ha! Tírípù ni tírípù o."

Àwa tó ń kọ kóòdù mọ̀ pé nọ́ńbà tí ò ní ìwọ̀n lè ba iṣẹ́ jẹ́. La bá mú fóònù. Dẹ́kìn náà gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 10, ó nípọn ní mítà 0.15. Ẹ fi wọ́n pọ̀ síra: kúbíìkì mítà 18. Bí a bá po kọnkéré ní ọ̀kan-méjì-mẹ́rin (sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4), kúbíìkì mítà kan ń gba òkúta bíi tọ́ọ̀nù 1.3. Ìyẹn jẹ́ 23.4. Ẹ fi díẹ̀ kún un fún èyí tó máa dànù, ó sún mọ́ 25.

Típà tọ́ọ̀nù 20 ò ní tó. Típà tọ́ọ̀nù 30 á ṣẹ́kù. Méjèèjì sì ń jẹ́ "tírípù kan." Bí òkúta bá tán lójijì láàárín iṣẹ́, iyanrìn àti omi ni wọ́n sábà máa fi ń bù ú lé. Dẹ́kìn á gbẹ, á dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ní lágbára tó yẹ, orí ẹni tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ ló sì wà.

A pe awakọ̀ típà. 20 ni tiẹ̀ ń gbé. A ra tọ́ọ̀nù 5 kún un kí wọ́n tó po ìkankan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dà á, páànù òkúta mélòó kan ló ṣẹ́kù nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bíríkìlà wò ó, ó wò wá, ó ní ká kọ ìṣirò yẹn sí bébà fún òun.