Ìbàdàn Dùn: Gbọ̀ngàn Mápó Lórí Aṣọ

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn dáadáa. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló wà nínú rẹ̀. Ilé ìjọba òyìnbó ni o! Àwọn ìyá wa fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà á, wọ́n ya ṣíbí sáàárín òpó, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, ó di tiwa.

Ní báyìí, àdìrẹ onímáṣìnnì ló kún ọjà. Owó pọ́ọ́kú ni, mi ò bá ẹni tó ń rà á jà. Àmọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìyá àgbà yín bá ní ojúlówó nínú àpótí, ẹ bi wọ́n ní orúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.