Piggly Wiggly

Ilé ìtajà oúnjẹ tí Clarence Saunders ṣí ní ìlú Memphis, ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹsàn-án 1916. Ṣáájú rẹ̀, ẹ̀yìn káńtà ni ọjà máa ń wà: oníbàárà á ní ohun tó fẹ́, atajà á lọ mú un wá, á wọ̀n ọ́n, á dì í, àwọn yòókù á sì dúró títí yóò fi kàn wọ́n. Saunders pa àṣà yìí tì. Oníbàárà á gba ẹnu géètì kékeré tó ń yí wọlé, á mú apẹ̀rẹ̀, á sì tọ ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba iwájú gbogbo pẹpẹ ọjà kọjá (ọgbọ́n ọlọ́jà nìyẹn), á máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó wù ú. Iye owó ti wà lára ọjà. Ẹnu ọ̀nà àbájáde ló ti ń sanwó. Òṣìṣẹ́ tí ilé ìtajà náà nílò dín kù, owó ọjà náà sì wálẹ̀. Ní 1917, ìjọba Amẹ́ríkà fún Saunders ní ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí ètò náà. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́ nídìí òwò ìpín ìdókòwò: ó yáwó ra ìpín iléeṣẹ́ rẹ̀ jọ ní New York, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn, iléeṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1923.