Ta Ló Bí Yunifásítì Ìbàdàn?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò ìdíje fún ọmọ ilé-ìwé, láti Igbósẹ̀rẹ̀ títí dé Ìsàlẹ̀ Èkó: "Yunifásítì wo ló kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, ta ló sì dá a sílẹ̀?" Ọmọ á nawọ́ sókè: "Ìbàdàn ni, ní 1948. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló dá a sílẹ̀." Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn. Ó ti sú ni gbọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi ọmọ náà bóyá inú igbó ni òyìnbó ti he àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀.

Ká tiẹ̀ mú ọjọ́ yẹn gan-an. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Bélú ọdún 1948 ni Arthur Creech Jones, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ níbi tí Yunifásítì Ìbàdàn wà títí dòní. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń ṣàjọ̀dún ìdásílẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ 104 ti ń kàwé ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni wọ́n fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí "olùdásílẹ̀" rẹ̀ kò tíì dé! Èkó ni wọ́n ti kó wọn wá, láti Yaba Higher College.

E.R.J. Hussey, ọ̀gá àgbà fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló gbé Yaba Higher College kalẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1932, wọ́n sì ṣí i tìlù-tìfọn ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1934. Wọ́n ń kọ́ni níṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ni níṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò níyì kọjá ẹnubodè Nàìjíríà. Olùrànlọ́wọ́ òyìnbó ni ẹni tó bá gbà á yóò jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ará Èkó ò gbà. Wọ́n péjọ sí Glover Memorial Hall, wọ́n fapá jánú. Nínú ìbínú ọdún 1934 yẹn ni Lagos Youth Movement ti jáde, ẹgbẹ́ J.C. Vaughan, Ernest Ikoli, Samuel Akinsanya àti H.O. Davies, èyí tó di Nigerian Youth Movement lẹ́yìn ọdún méjì. Yunifásítì gidi ni wọ́n ń bèèrè.

Ìgbìmọ̀ Walter Elliot, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ìwé ìtàn sì ń gbé gẹ̀gẹ̀, kò wá títí di 1943. Israel Ransome-Kuti wà lára wọn. Nígbà tí àbọ̀ wọn jáde ní 1945, ohùn wọn kò ṣọ̀kan. Àwọn tó pọ̀ jù fẹ́ kí yunifásítì mẹ́ta wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó kéré fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó sì wà ní Ìbàdàn. Creech Jones wà lára àwọn tó kéré yìí. Àwọn òpìtàn wa á fi ojú ìwé rẹpẹtẹ ṣàlàyé ìyàtọ̀ àbọ̀ méjèèjì, wọn ò ní fi ìlà mẹ́ta sọ̀rọ̀ àwọn tó ti ń pariwo ṣáájú. Àwọn mìíràn, bí ìjiyàn bá ti bẹ̀rẹ̀, Timbuktu ni wọ́n ń sáré gbà lọ. Sankore, ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ní iyì tirẹ̀, kò kan ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó.

Bó bá jẹ́ àfiwé là ń wá, ọ̀nà tí àwọn ará Jàpáànù ń gbà ka ọjọ́ orí yunifásítì ìjọba tó wà ní ẹkùn wọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní 1949, lẹ́yìn ogun, òfin kan ló kó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tó ti wà tẹ́lẹ̀ pọ̀, tó sọ wọ́n di yunifásítì tuntun. Síbẹ̀, ẹ bi Yunifásítì Nagasaki ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1857 ló máa tọ́ka sí, ọdún tí Pompe van Meerdervoort, dókítà ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀. Ti Kanazawa jẹ́ 1862, láti ilé kan tí wọ́n ti ń fún èèyàn ní àjẹsára ṣọ̀pọ̀nná. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn tiwa, ó kéré tán, 1932 ni. Ṣùgbọ́n Yaba College of Technology tó rọ́pò Higher College ń ka tirẹ̀ láti 1947, Ìbàdàn ń ka tirẹ̀ láti 1948. Ọmọ méjì, kò sí èyí tó fẹ́ dárúkọ ìyá.

Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló ti Èkó lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwé.

Ọmọ Èkó ni Henry Carr, wọ́n bí i ní 1863. Ilé-ìwé Wẹ́sílè ní Olówógbowó ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó lọ sí Freetown, níbi tó ti gba oyè B.A. ní Fourah Bay College ní 1882, ìyẹn oyè Yunifásítì Durham. Ó bá ìjọba ṣiṣẹ́ débi tí wọ́n fi sọ ọ́ di Rẹ́sídẹ́ǹtì Èkó láti 1918 sí 1924. Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé ló ń rà. Nígbà tó kú ní 1945, nǹkan bí ìwé 18,000 ló fi sílẹ̀. Ìjọba rà á, wọ́n sì kó o lọ sí Ìbàdàn. Òun àtàwọn ìwé Yaba Higher College ni wọ́n fi pilẹ̀ ilé ìkàwé yunifásítì tuntun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jókòó ka ìwé níbẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé tí ọmọ Èkó kan fi owó oṣù rẹ̀ rà ló wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀bùn òyìnbó dà?

Èyí tó tún dùn jù ni pé Ìsàlẹ̀ Èkó kò fẹ́ràn Carr. Lórí ìjà tó wà láàrin ìjọba àti Eléko, ọba Èkó, ẹ̀yìn ìjọba ló wà, nígbà tí Herbert Macaulay, olóṣèlú Èkó, wà lẹ́yìn Eléko pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà. Macaulay kọ odindi ìwé pẹlẹbẹ kan ní 1924, àkọlé rẹ̀ sì ni pé kí Henry Carr máa lọ. Lónìí, àwọn ìwé Macaulay fúnra rẹ̀ wà ní Kenneth Dike Library, ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn méjèèjì tí wọn kì í bá ara wọn jẹun ní Èkó ti di alábàágbé ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn yunifásítì náà tí kò sì kọ́kọ́ ro èyí wò, ibo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 1896. Lọ́dún yẹn ni wọ́n tẹ ìwé kan ní Èkó tó kún fún lẹ́tà tí Edward Wilmot Blyden, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀, àti Gilbert Carter, Gómìnà Èkó, kọ síra wọn, lórí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fẹ́ pè ní Lagos Training College and Industrial Institute. Ọdún 52 ṣáájú kí Creech Jones tó gbẹ́ ilẹ̀! Kì í sì í ṣe pé Blyden ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti Freetown ní 1872 ló ti ń bá John Pope Hennessy fa ọ̀rọ̀ yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ Hennessy. National Congress of British West Africa tún bèèrè ohun kan náà ní Accra ní 1920. Ilé-ẹ̀kọ́ ti 1896 kò dìde, àwọn òpìtàn sì tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé kò ṣe pàtàkì. Ohun tí ìlú fẹ́ tí kò rí gbà, ṣé kì í ṣe ìtàn ni?

Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò dìde yẹn yẹ fún àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Ó jọ Yaba College of Technology ju Ìbàdàn lọ. Ọdún kan náà ni ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, Blyden sì wà nídìí ètò yẹn pẹ̀lú; ọdún méjì ṣáájú, òun àti Carter wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street. Ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni ìwé kíkà wà nígbà náà, ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí kò sì fẹ́ kí ilé-ìwé yí ẹ̀sìn ọmọ wọn padà. Ṣé Blyden ń ro ètò méjèèjì pọ̀, kí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kàwé lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, kó sì gba ibẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà láì gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kọjá? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn wo ni ì bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ṣé ọmọ Olówógbowó bíi Carr ni, àbí àwọn ọmọ tó ń lọ sí ilé kéú?