Tété-Michel Kpomassie

Tété-Michel Kpomassie (tí wọ́n bí ní ọdún 1941) jẹ́ arìnrìn-àjò àti òǹkọ̀wé ọmọ orílẹ̀-èdè Tógò. Òun ni ó kọ L'Africain du Groenland, ìwé tí ó sọ bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe kúrò létí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí ó dé Greenland, erékùṣù tí yìnyín bo apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó sì bá àwọn ará ibẹ̀ gbé nígbà òtútù.

Ìgbà èwe

Nígbà tí Kpomassie wà ní ọmọ ọdún 16, ó gun igi àgbọn, ó sì ṣe kòńgẹ́ ejò lókè. Níbi tí ó ti ń sá fún un ni ó ti já bọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ abọrẹ̀ obìnrin kan tí ń bọ erè nínú igbó mímọ́. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ wà lórí ìwòsàn náà: ó gbọ́dọ̀ padà sínú igbó láti di ọ̀kan lára àwọn tí ń sin erè. Kí ọjọ́ náà tó pé ni ó rí ìwé kan nípa àwọn Inuit, tí Robert Gessain ọmọ Faransé kọ, ní ilé ìtàwé kan ní Lomé. Ilẹ̀ tí ìwé náà ń sọ kò ní igi, kò sì ní ejò.

Ìrìn-àjò

Ní ọdún 1958, ó sá kúrò nílé. Ó gba Côte d'Ivoire, Ghana àti Senegal, ó ré kọjá sí Faransé, Jámánì àti Dẹ́nmárkì, ó ń ṣiṣẹ́ láti rí owó ọkọ̀, ó sì ń fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní èdè. Ọdún 1965 ni ó tó gúnlẹ̀ sí Julianehåb, ìlú tí à ń pè ní Qaqortoq lónìí. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà kò rí adúláwọ̀ rí. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọdé nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin gíga náà.

Gúúsù Greenland kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àgùntàn ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, kò sí ajá tí ń fa ẹrù lórí yìnyín, ọtí sì ti gba ọ̀pọ̀ ilé kan. Nítorí náà ni ó ṣe kọrí sí àríwá.

Ìgbà òtútù ní àríwá

Ní Jakobshavn (Ilulissat), oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí ọjọ́ 13 oṣù kìíní. Ojú omi òkun a dì, a sì di ọ̀nà. (Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá pe èyí tí ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ní òjò dídì; yìnyín ni a ń lò níhìn-ín fún omi tí ó dì.) Bàtà fífẹ̀ tí àwọn ará Kánádà fi ń rìn lórí òjò dídì nínú igbó kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ti ki òjò dídì náà mọ́lẹ̀. Ajá ni ẹsẹ̀ wọn. Okùn ajá kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀, wọ́n á sì tàn ká níwájú bí abẹ̀bẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní igi nìkan ni ó gba irú ìṣètò bẹ́ẹ̀. Ewu tí ó tóbi jù ni yìnyín tí kò nípọn tó, tí ó lè gbé ajá àti ènìyàn mì.

Ní Upernavik, ó gbé lọ́dọ̀ Robert Mattaaq, àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ jẹ́ ti ebè koríko, tí ó sì fi ojú ewé ìwé ìròyìn bo ògiri rẹ̀ nínú. Ó wù ú láti dé Thule, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀. Ó kúrò ní Greenland ní ọdún 1966.

Ìwé rẹ̀

Ilé iṣẹ́ Flammarion tẹ ìwé náà jáde ní Paris ní ọdún 1981, ó sì gba ẹ̀bùn ìwé ní ọdún náà. James Kirkup túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1983. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n sábà máa ń kọ̀wé nípa àwọn Inuit, bí wọ́n ti ń kọ nípa Áfríkà. Kpomassie kò fi Paris wọn wọ́n, Tógò ni ó fi wọ̀n wọ́n. Òǹkàwé Yorùbá yóò rí ohun tí ó mọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú: àwọn Inuit a máa fi orúkọ ẹni tí ó kú sọ ọmọ tuntun, wọ́n sì gbà pé ẹni náà ti padà dé, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ọmọ ní Babátúndé.