Ẹ̀fẹ̀ Àárọ̀, Ìrànwọ́ Alẹ́: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Mọ̀ Nípa Ọ̀rẹ́ Orí Fóònù Ní Àpápá Àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rẹ́ orí fóònù ni ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ lórí WhatsApp, Facebook, X tàbí Telegram, tó jẹ́ pé ẹ lè má tíì fojú kan ara yín rí, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa ń ríra láàárín ọdún. Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ tó múlé gbè é lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, irú ọ̀rẹ́ báyìí wà lára ohun tí èèyàn fi ń gbé Èkó. Láàárọ̀, wọ́n á fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá di alẹ́, àwọn kan náà ni wọ́n á máa dá owó oògùn fún ara wọn.

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń bi wá pé: "Ẹ ò níṣẹ́ ṣe ni? Kí lẹ̀ ń tẹ̀ látàárọ̀?" Ìdáhùn ibẹ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ yẹn gan-an ló gbé ìrànwọ́ dúró. Ẹni tí ẹ kì í bá ṣeré, ẹ ò ní mọ ìgbà tó bá wọ wàhálà. Àlàyé rèé.

Ibo ló ti wá?

Kì í ṣe fóònù ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Àwọn bàbá wa ní àáró, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ro oko ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ní èsúsù. Samuel Johnson kọ nípa èsúsù nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, náà kọ odindi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí ní 1952. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun, susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní. Kò sí ìwé àdéhùn nínú gbogbo rẹ̀. Kí àwọn èèyàn mọ ara wọn dáadáa ni ìdúró.

Ẹ̀fẹ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀. Ní 1940, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Radcliffe-Brown kọ nípa àwọn èèyàn tí àṣà fún láyè láti máa bú ara wọn, tó sì jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn láti bínú. Ní orílẹ̀-èdè Niger, irú eré yìí lókìkí débi pé UNESCO kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2014 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti gbé nílé ọkọ mọ bí ìyàwó ilé àti àwọn àbúrò ọkọ ṣe máa ń ta ara wọn lẹ́nu.

Ìgbà tí GSM dé ní 2001, nǹkan bíi ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi dá fíláàṣì sílẹ̀. Fíláàṣì ẹ̀ẹ̀kan lè túmọ̀ sí "mo ti délé", ẹ̀ẹ̀mejì lè túmọ̀ sí "pè mí". Kò pẹ́, Nairaland dé ní 2005, 2go àti BBM náà dé, kí WhatsApp tó wá gba gbogbo ilẹ̀. Ní Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, Gbénga Ṣẹ̀san àti àwọn Paradigm Initiative bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ajegunle.org ní 2007 láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nígbà tó jẹ́ pé ohun táwọn èèyàn ń gbọ́ nípa àdúgbò náà kò ju ìjà àti òṣì lọ.

Kí ló dé tó fi múlẹ̀ ní apá ibí yìí?

Ìdí àkọ́kọ́ ni wọ́ọ̀fù. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, kì í sùn. Dẹ́rẹ́bà tírélà, éjẹ́ǹtì, sikiọ́ríítì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ fún wọn ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí tí aráyé ń sùn. Ẹni tó bá jáde níbi iṣẹ́ laago mẹ́rin ìdájí, inú fóònù ló ti máa rí ẹni tójú ẹ̀ là.

Ìkejì ni ọ̀nà. Ó nígbà kan tí dẹ́rẹ́bà máa ń lo ọjọ́ púpọ̀ lórí afárá kó tó wọ èbúté. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Ètò bẹ̀rẹ̀, tó ń fi orí ẹ̀rọ pe tírélà ní ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún lé ọ̀kadà kúrò ní Àpápá, àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì 2020, lẹ́yìn náà ní oṣù Kẹfà 2022. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bíi "Ẹ má gba Mile 2 o, kọ̀ntéínà ti ṣubú" níye lórí ju ìròyìn rédíò lọ. Gidi Traffic tó wà lórí Twitter láti nǹkan bí ọdún 2011 ló fi han gbogbo Èkó pé àwọn tí ò mọra rí lè máa sọ ọ̀nà fún ara wọn, kí wọ́n sì máa fi họ́lọ́ọ̀pù ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkẹta ni Ajégúnlẹ̀ fúnra ẹ̀. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Ìlàjẹ, Haúsá, gbogbo wọn ló ń gbé àgbàlá kan náà níbẹ̀. Ìlú Daddy Showkey àti Odion Ighalo ni. Ẹni tó bá dàgbà síbẹ̀ kì í sábà ṣaláìní ẹnu. Bí wọ́n bá sì ti kó lọ sí Ìkòròdú tàbí Kánádà, gúrúùpù ni àgbàlá tuntun.

Bí ẹ̀fẹ̀ ṣe ń lọ

Bó ṣe sábà máa ń rí rèé:

"Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀gá Kọ̀ntéínà dà?"
"Ó ṣì wà lórí afárá, ó ń ka tírélà."
"Mo ti kà á dé igba, oorun ti gbé mi lọ. Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ ti ń dáná, àbí ẹ ṣì ń wá ìṣáná láti ìjẹta?"
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀ o! Gáàsì ló wọ́n, kì í ṣe ìṣáná."
"Wọ́n ní ajé ti gúnlẹ̀ ní àdúgbò wa. Kò ṣáà tíì mọ ojúlé mi."

Ẹ wò ó dáadáa. Láàárín ìlà márùn-ún, a ti mọ̀ pé ọ̀nà dí, ẹnì kan ò sùn sílé, owó gáàsì ń yọ ẹlòmíì lẹ́nu, ọwọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ò sì dùn. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín.

Ẹ tún kíyè sí i pé "ẹ" ò kúrò níbẹ̀. Ẹ lè fi ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ò lè pè é ní "ìwọ". Níbi tí ọjọ́ orí ò bá ti yé èèyàn, tó jẹ́ àwòrán ọkọ̀ tàbí ti ọmọ lẹni náà fi síbẹ̀, pidgin ni wọ́n máa ń sá wọ̀, torí pé "how far" kì í béèrè ẹni tó jù. Ìdí kan nìyí tí gúrúùpù Ajégúnlẹ̀ fi máa ń lo èdè méjì mẹ́ta nínú gbólóhùn kan.

Òfin tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀

Àwọn nǹkan kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: àìrọ́mọbí, àìsàn, òkú, àti iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ni ọ̀ràn nìkan ló lè ṣílẹ̀kùn. Tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́kọ́ fi ebi rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tó kù lè rẹ́rìn-ín.

Ìkejì, ẹ̀fẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí kiri. Tó bá jẹ́ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń bọ́ sí lójoojúmọ́, tí onítọ̀hún ò sì dá a padà mọ́, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́ nìyẹn, ìfìyàjẹni ni. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024, lè mú ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù ba ẹlòmíì.

Ìkẹta, èrò ò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Láàárín 2022, WhatsApp sún iye ọmọ gúrúùpù láti 256 sí 512, ó tún sún un dé 1,024. Àmọ́ Robin Dunbar, onímọ̀ kan ní Ìlú Ọba, ti sọ láti 1992 pé nǹkan bí 150 lẹni tí èèyàn kan lè mọ̀ dénú. Ìdí nìyẹn tí gúrúùpù ńlá fi máa ń bí kéékèèké, tí èèyàn mẹ́wàá sí ogún á yọ́ lọ dá tiwọn sílẹ̀. Inú kékeré yẹn ni ìrànwọ́ máa ń wà.

Irú ìrànwọ́ wo?

Ìròyìn ló ṣíwájú. Nígbà tí owó tuntun ò sí nílẹ̀ láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta 2023, àwọn ọ̀rẹ́ orí fóònù ló ń sọ báńkì tí ATM rẹ̀ ń sanwó. Iṣẹ́ ló tẹ̀ lé e: "Wọ́n ń wá akọ̀wé ní Creek Road, ta ló mọ Excel?" Dátà náà ti di ìrànwọ́ láti ìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2025 pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó 50% lé owó wọn.

Owó dídá ló gbẹ̀yìn, òun ló sì lè tú gúrúùpù ká jù. Àwọn tí tiwọn ti pẹ́ máa ń ṣe é báyìí: ẹni kan ń gba owó, ẹlòmíì ń kọ orúkọ. Wọ́n á san owó náà sí ilé ìwòsàn tààrà. ₦500 ni a kì í fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kì í gbé àwòrán aláìsàn síta láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́

Olè náà ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ń ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á fi ọgbọ́n gba nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á gba àkáǹtì rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Jọ̀ọ́, báńkì mi ò ṣiṣẹ́, bá mi fi ₦50,000 ránṣẹ́, mo máa dá a padà lálẹ́."

Orúkọ àti àwòrán ọ̀rẹ́ yín ló wà lọ́wọ́ olè, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ yín ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ ta á lẹ́nu bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ bi í pé tírélà mélòó ló kà lánàá. Ọ̀gá Kọ̀ntéínà gidi á bú yín padà. Olè á sọ pé: "I don't understand, please just send it." Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ má sọ nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì lọ fi PIN kejì sí WhatsApp yín lónìí.

Irọ́ náà máa ń gba ọ̀nà kan náà wọlé. Nígbà ìsémọ́lé kòrónà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2020, gúrúùpù kan náà tó ń bá èèyàn wá oúnjẹ ló ń pín ìròyìn One Million Boys kiri ní oṣù Kẹrin, tí ọ̀pọ̀ àdúgbò fi ń dáná sun táyà mọ́jú. Ẹ béèrè pé: ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?

Nígbà tí ọ̀rẹ́ bá dákẹ́

"Ẹ káàárọ̀" ojoojúmọ́ dà bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ẹni tó máa ń kí gbogbo ilé laago mẹ́fà, tí ò kí wọn fún ọjọ́ méjì, ó ti sọ nǹkan. Ẹ má béèrè rẹ̀ ní gbangba. Kí ẹnì kan pè é. Tí kò bá gbé e, kí ẹni tó wà nítòsí dé ilé rẹ̀. Àmọ́ ibo ni ilé rẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ orúkọ gidi ẹni tí a ti ń bá ṣeré láti ọdún mẹ́ta. Ẹ yan èèyàn kan tàbí méjì tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ fún wọn ní orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà ẹbí yín kan.

Tí ọ̀rẹ́ bá ń sọ pé ayé ti sú òun, ẹ̀fẹ̀ parí níbẹ̀. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Mentally Aware Nigeria Initiative àti SURPIN tó wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà, wà fún irú èyí. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà Èkó.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́

Ìjọba ti Twitter pa láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022. Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021, WhatsApp àti Facebook kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire, íńtánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò kọjá inú áàpù kan ṣoṣo pàdánù gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ sínú ìwé. Fíláàṣì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lálẹ́ òní, ẹ wo gúrúùpù yín láti òkè délẹ̀. Ta ni ò tíì sọ nǹkan kan láti ọjọ́ Mọ́ńdè? Ẹ pè é kẹ́ ẹ tó sùn.